Okùn Mẹ́tàlá, Okùn Mẹ́ta: Àwọn Tó Gbé Orin Koto àti Shamisen Dé Òde Òní

Ní ọjọ́ ọdún tuntun, bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Tokyo tàbí ní Osaka, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé orin kan báyìí ni yóò kí i káàbọ̀. Ohùn fèrè oparun a máa fà lọ, a máa fà bọ̀, bí ìgbì omi létí òkun. Ohùn okùn a sì máa já sínú rẹ̀ wínníwínní bí oòrùn òwúrọ̀ lójú omi. Haru no Umi ni orúkọ orin náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Òkun Ìgbà Ìrúwé. Ó ti bá ọdún tuntun mọ́ra ní Jàpáànì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń ta á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìparí ọdún 1929 ni ọkùnrin kan, Miyagi Michio, tí kò fojú rí òkun mọ́ láti kékeré, ṣe é.

Orin yìí ni mo fi ṣí ọ̀rọ̀ mi, nítorí ó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ó ní àṣà tí ó fẹ́ràn. Báwo ni ohun àtijọ́ ṣe ń wà láàyè? Ṣé kí a tì í mọ́ inú àpótí kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ni, àbí kí a fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó fi dá àrà tó bá wù ú? Koto àti shamisen, ohun èlò orin méjì tí àwọn ará Jàpáànì fi ń yangàn, ti ń dáhùn ìbéèrè yìí fún bí irinwó ọdún. Ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ kí a jọ gbọ́ lónìí.

Ìbejì tí kò jọra

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Etí Yorùbá lè gbọ́ "koto" kí ó rántí kòtò tí ènìyàn ń jìn sí. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Koto jẹ́ ohun èlò gígùn tí a fi igi ṣe, tí gígùn rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 180. Igi kiri ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí pé igi náà fúyẹ́, ó sì máa ń dún dáadáa. Wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó ní ihò, wọ́n á na okùn mẹ́tàlá láti orí dé ìdí rẹ̀, wọ́n á sì ki afárá kékeré kọ̀ọ̀kan bọ abẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn afárá náà kò lẹ̀ mọ́ igi. Wọ́n ṣeé sún. Ibi tí a bá sún wọn sí ni ó ń sọ bí ohùn okùn yóò ṣe ga tàbí lọ sílẹ̀ tó.

Ẹni tí ń ta koto a jókòó síwájú rẹ̀, a fi èékánná àtọwọ́dá bọ àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, a sì máa fi wọ́n já okùn. Ọwọ́ òsì kì í sinmi. Òun ni ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn afárá kí ohùn lè gòkè díẹ̀, òun ni ń fà á, òun ni ń mì í. Bí mo bá fẹ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí ó mọ èdè wa kọ, n óò ní ọwọ́ ọ̀tún ni ń kọ ọ̀rọ̀, ọwọ́ òsì ni ń fi àmì ohùn sí i.

Láti Ṣáínà ni koto ti wá ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, nígbà tí ìlú Nara jẹ́ olú-ìlú Jàpáànì. Ààfin ni ilé rẹ̀. Wọ́n ń ta á pẹ̀lú fèrè àti ìlù nínú orin ààfin tí wọ́n ń pè ní gagaku.

Shamisen kéré sí i lára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá mọ mólò, èyí tí àwọn olórin sákárà àtijọ́ ń ta, kò ní ṣàì rí ìjọra nínú ìrísí wọn: ọrùn gígùn, okùn mẹ́ta, ikùn kékeré tí a fi awọ bò. Òun náà, Ṣáínà ni orírun rẹ̀. Ó gba erékùṣù Ryukyu, tí a mọ̀ sí Okinawa lónìí, kọjá kí ó tó gúnlẹ̀ sí Jàpáànì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ní Okinawa, awọ ejò ni wọ́n fi ń bò ó. Nígbà tí ó dé Jàpáànì, awọ ológbò àti awọ ajá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ó sì gbà á mọ́ra ni àwọn afọ́jú tí ń ta biwa, ohun èlò olókùn mìíràn tí wọ́n fi ń kọ ìtàn ogun. Wọ́n mú ohun ìtakùn ńlá tí wọ́n fi ń ta biwa, tí a ń pè ní bachi, wá sí orí shamisen. Ẹnu bachi fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí ó ti ń já okùn ni ó ń gbá awọ, tí okùn ń kọrin tí awọ sì ń dún bí ìlù.

Ohun kan wà nínú ohùn shamisen tí ó fà mí lọ́kàn mọ́ra gidigidi. Okùn tí ó nípọn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dún geere. Ó máa ń hó, ó máa ń kùn bí oyin. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Sawari ni wọ́n ń pe kíkùn náà. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ṣaworo wa dọ́gba létí. Wọn kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó bí àwọn méjèèjì jọra: ẹni tí ó so ṣaworo mọ́ ìyá ìlù àti ẹni tí ó fi sawari sí shamisen kò fẹ́ kí ohùn mọ́ nígín nìkan, wọ́n fẹ́ kí ó ní ara.

Òfin tí wọ́n rú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, oríṣi orin koto kan wà ní erékùṣù Kyushu, tí wọ́n ń pè ní tsukushigoto. Orin àwọn ọlọ́lá, àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Òfin rẹ̀ ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi kọ́ obìnrin, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ afọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, Hosui, fi kọ́ ọkùnrin afọ́jú kan. Ọkùnrin náà ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí Yatsuhashi Kengyo, ẹni tí ó gbé ayé láti 1614 sí 1685.

Kengyo kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ni, òun sì ni oyè tí ó ga jù nínú Todoza, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin afọ́jú tí ìjọba ìgbà náà fọwọ́ sí. Orin, wíwọ́ ara àti ìwòsàn alábẹ́rẹ́ wà lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi ń jẹun. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé nígbà náà, ọmọ tí ojú rẹ̀ bá fọ́ kò ní ju alágbe lọ. Ní Jàpáànì, ẹgbẹ́ yìí ṣe é kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gòkè di olùkọ́ àti olóyè.

Yatsuhashi ti mọ shamisen ta kí ó tó gbájú mọ́ koto, nítorí náà etí rẹ̀ kún fún orin ìgboro. Ó sún àwọn afárá koto kúrò ní ibi tí àwọn ọlọ́lá tò wọ́n sí, ó tò wọ́n lọ́nà tí okùn yóò fi máa dún bí orin tí àwọn ará ìlú ń kọ. Hirajoshi ni wọ́n ń pe ìtò ohùn náà. Òun ni ohùn tí ẹni tí kò tilẹ̀ dé Jàpáànì rí yóò gbọ́ tí yóò sọ pé, "Orin Jàpáànì rèé." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ohun tí ayé mọ̀ sí àmì àtijọ́ jẹ́ ọ̀tun tí afọ́jú kan, tí wọn kò yẹ kí wọ́n kọ́ rárá, mú wá láti ìgboro.

Òun náà ni wọ́n gbà pé ó ṣe Rokudan no Shirabe, orin alábala mẹ́fà tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ koto tí kì í kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ bí arúgbó tí ń dìde lórí àga. Láti abala dé abala ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá, títí yóò fi máa sáré. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, á tún fà sẹ́yìn, á sì rọlẹ̀. Mo ti gbọ́ orin yìí ju iye tí mo lè kà lọ nígbà tí mo ń palẹ̀ àròkọ yìí mọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì ni ó mú mi jù. Ma ni àwọn ará Jàpáànì ń pe irú àlàfo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ orin bí wọ́n ṣe ka okùn mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ kò tíì mọ koto ta.

Lẹ́yìn Yatsuhashi, àwọn afọ́jú mìíràn tún dá tiwọn. Ikuta Kengyo (1656–1715) dá ilé ẹ̀kọ́ Ikuta sílẹ̀. Yamada Kengyo (1757–1817) dá ti Yamada sílẹ̀ ní ìlú Edo, tí ó di Tokyo. Títí di òní, èékánná ni a fi ń dá àwọn ọmọ ilé méjèèjì mọ̀: ti Ikuta ní igun mẹ́rin, àwọn tí ń lò ó a sì jókòó ní ìdábùú díẹ̀, ti Yamada ṣe róbótó ní ẹnu, àwọn tirẹ̀ a sì kọjú sí koto gan-an.

Ní 1871, ìjọba tuntun Meiji tú ẹgbẹ́ Todoza ká. Àǹfààní tí àwọn afọ́jú ní fún ọ̀pọ̀ ìran wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la yóò ti wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tún ṣí ní apá kejì. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni, ìbáà ríran, ìbáà má ríran, ti lè fi kíkọ́ni ní koto ṣe iṣẹ́ ajé.

Ọmọ tí ó gbọ́ omi

Wọ́n bí Miyagi Michio ní Kobe ní 1894. Nígbà tí ó fi máa tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ koto, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ afọ́jú nígbà náà kò pọ̀. Baba rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sí Kòríà. Nígbà tí nǹkan le fún ẹbí, Michio sọdá òkun lọ bá wọn ní 1907, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní koto kí ilé lè jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni.

Ní Kòríà ni ó ti ṣe orin àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1909. Àbúrò rẹ̀ ni ń kàwé ilé-ẹ̀kọ́ sókè; inú ìwé náà ni àwọn ewì kéékèèké kan wà tí wọ́n sọ bí omi ṣe ń di ìkùukùu, tí ó ń di òjò, tí ó ń di ìrì, tí ó ń di yìnyín. Michio gbọ́, ó sì sọ wọ́n di orin tí ó pè ní Mizu no Hentai. Ọmọ tí kò rí omi mọ́ ni ó fi okùn ya gbogbo àwọ̀ omi.

Ó dé Tokyo ní 1917. Ó fetí sí orin àwọn ará Yúróòpù, ó sì ṣàkíyèsí pé koto kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tí ó nípọn. Ní 1921, ó mú koto olókùn mẹ́tàdínlógún jáde láti dí àlàfo náà. Ní 1929, ó tún ṣe olókùn ọgọ́rin, kò sì sí ẹni tí ó tẹ̀lé e. Mo fẹ́ràn ìtàn koto olókùn ọgọ́rin yìí, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ọ̀tun ni àṣà ń gbé mì. Èyí tí ó wúlò dúró. Èyí tí kò wúlò di ohun tí a ń wò. Olókùn mẹ́tàdínlógún wà lórí ìtàgé títí di òní olónìí.

Ní 1932, Renée Chemet, obìnrin Faransé kan tí ó gbajúmọ̀ nínú títa fayolíìnì, wá ṣeré ní Jàpáànì. Ó gbọ́ Haru no Umi, ó yí apá ti fèrè oparun padà sí ti fayolíìnì, òun àti Miyagi sì jọ gbà á sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Báyìí ni orin náà ṣe di mímọ̀ lẹ́yìn odi Jàpáànì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1956, Miyagi wà nínú ọkọ̀ ojú irin òru tí ń lọ sí Osaka fún eré, ó ṣubú láti inú ọkọ̀ náà, ó sì kú.

Orin ojú ọ̀nà

Ìtàn tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó ní oyè àti ilé ẹ̀kọ́. Shamisen ní ìtàn mìíràn, ìtàn àwọn tí kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹsẹ̀ àti ohùn wọn.

Ní agbègbè Niigata, níbi tí yìnyín máa ń bo ilé mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, àwọn obìnrin afọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní goze. Wọ́n a tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí fìrífìrí a wà níwájú, ẹni tí ó wà lẹ́yìn a fi ọwọ́ kan ẹrù ẹni iwájú. Wọ́n ń rìn láti abúlé dé abúlé pẹ̀lú shamisen. Ní alẹ́, àwọn ará abúlé a péjọ sí ilé ẹni tí ó gbà wọ́n sílé, wọ́n a sì fi orin sọ ìtàn gígùn fún wọn. Òfin ẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n láyè láti lọ́kọ.

Kobayashi Haru, tí wọ́n bí ní 1900, ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó kẹ́yìn wọn. Ọmọ oṣù díẹ̀ ni ojú rẹ̀ fọ́; ọmọ ọdún márùn-ún ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Apá kan ẹ̀kọ́ náà ni pé kí ó dúró létí odò nínú òtútù, kí ó máa fi gbogbo agbára rẹ̀ kọrin títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, kí ohùn tí ó le lè jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1978, ìjọba Jàpáànì fún un ní ìdánimọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí orin goze wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní 2005, lẹ́ni ọdún márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún.

Ní Tsugaru, ní ìpẹ̀kun àríwá erékùṣù Honshu, àwọn ọkùnrin afọ́jú náà ń ta shamisen kiri ẹnu ọ̀nà onílé kí wọ́n lè rí ìrẹsì díẹ̀ tàbí owó kékeré. Ìdíje pọ̀. Ẹni tí ohùn shamisen rẹ̀ kò bá la ìlẹ̀kùn já, tí kò bá borí ìjì, ebi ni yóò pa á. Ìdí nìyí tí shamisen Tsugaru fi ní ọrùn nínípọn, tí wọ́n fi ń lù ú kíkankíkan, tí olórin sì fi ń dá àrà sí i lójú ẹsẹ̀. Takahashi Chikuzan (1910–1998), tí ìgbóná olóde kékeré tí a ń pè ní èéyi ba ojú rẹ̀ jẹ́ ní kékeré, rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó di 1973, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Shibuya, ní àárín gbùngbùn Tokyo, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rọ́ wá. Orin tí wọ́n ti kà sí ti alágbe di orin tí ọmọ yunifásítì ń tò láti gbọ́.

Ẹnu ni ìwé wọn

Báwo ni àwọn tí kò lè kàwé lójú ṣe gbé orin tó pọ̀ tó báyìí láti ìran dé ìran? Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú koto, "ton" tàbí "ten" jẹ́ ohùn okùn kan. "Shan" jẹ́ okùn méjì tí a já pọ̀. "Kororin" jẹ́ okùn mẹ́ta tí a já tẹ̀lé ara wọn láti òkè wá sílẹ̀. Shamisen ní tirẹ̀: "chin, ton, shan." Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ fi ẹnu kọ gbogbo orin náà kí ó tó fi ọwọ́ kan okùn. Lónìí tí ìwé orin ti pọ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò tíì fi ọ̀nà yìí sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, a kọ́ nípa bí ọmọ onílù ṣe ń fi ẹnu lu ìlù kí ó tó gbé ọ̀pá ìlù. Nítorí náà, bí mo ti gbọ́ "kororin" ni mo ti mọ̀ pé ilé kan náà ni mo wà. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Dùndún ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè lè mọ ohun tí ó ń wí. "Kororin" kò ní ìtumọ̀ kan lẹ́yìn ìrìn ìka. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì gbà pé ohun tí ẹnu kò bá mọ̀, ọwọ́ kò lè ṣe é.

Ta ni yóò bo awọ?

Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni. Ewu tí ó wà lórí koto àti shamisen lónìí kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ ń pò ó mọ́ orin ìgbàlódé. Ewu náà ni pé àwọn tí ń ṣe ohun èlò náà ń dínkù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ohun èlò orin ìbílẹ̀ Jàpáànì, bí 18,000 shamisen ni wọ́n ṣe ní 1970. Ní 2017, bí 3,400 péré ni. Koto já láti bí 25,800 sí bí 3,900 láàárín ìgbà kan náà.

Shamisen kan péré gba ọwọ́ púpọ̀. Ẹnì kan ń gbẹ́ ọrùn láti ara igi líle tí ó ń ti Íńdíà wá. Ẹlòmíràn ń bo awọ: á fà á títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, nítorí ibi tí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó ya gan-an ni ohùn rẹ̀ ti ń dára. Ẹlòmíràn ń ṣe okùn láti inú òwú sẹ́dà. Eyín erin ni wọ́n ń fi ṣe bachi àti àwọn afárá tó níyì jù, ṣùgbọ́n ayé ti fòfin de òwò eyín erin láti 1990. Awọ ológbò àti ti ajá náà ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dán awọ kangaroo àti awọ àtọwọ́dá wò. Àwọn olórin kan gbà á. Àwọn mìíràn ní ohùn rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ilé-iṣẹ́ Tokyo Wagakki ní ìlú Hachioji, tí ń ṣe shamisen láti 1885, kéde pé òun yóò kógbá sílé. Eré ti dáwọ́ dúró, kò sí ẹni tí ń rà. Ìròyìn náà ta àwọn ènìyàn jí. Ìrànlọ́wọ́ àti iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ilé-iṣẹ́ náà sì yí ìpinnu rẹ̀ padà. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ tán. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àṣà, olórin ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ta ni ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń bo awọ?

Okùn ń pọ̀ sí i

Síbẹ̀, mi ò lè parí ọ̀rọ̀ mi sínú ìbànújẹ́, nítorí orin náà fúnra rẹ̀ kò tíì jókòó. Ní 1969, Nosaka Keiko, obìnrin tí ó mọ koto ta dé góńgó, àti Miki Minoru, tí ó ń ṣe orin tuntun fún ohun èlò ìbílẹ̀, mú koto olókùn ogún jáde. Ní 1999, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Hokkaido, àwọn Yoshida Brothers, gbé àwo orin shamisen Tsugaru wọn àkọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò fetí sí shamisen rí sì rà á. Wagakki Band, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, kó koto, shamisen, fèrè oparun àti gìtá oníná pọ̀ sórí ìtàgé kan.

Ìjọba náà kò kàn wò. Láti 2002 ni ìlànà ẹ̀kọ́ ti sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré fọwọ́ kan ó kéré tán ohun èlò orin ìbílẹ̀ kan kí ó tó jáde. Àwọn ìwé ìtàn alálàyé àwòrán tí wọ́n ń pè ní manga náà kó ipa tiwọn. Kono Oto Tomare!, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 tí ó sì di eré àwòrán ní 2019, dá lórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ koto wọn fẹ́ kú. Mashiro no Oto, tí eré àwòrán tirẹ̀ jáde ní 2021, dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tsugaru tí bàbá àgbà tí ó kọ́ ọ ní shamisen ti kú, tí ó sì ń wá ohùn tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Àwọn Yoshida Brothers ni wọ́n bójú tó orin inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo eré àwòrán Jàpáànì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi, ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ shamisen láìmọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fetí sí i

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, orin kì í yé ni nínú ìwé. Ẹ wá orin mẹ́ta yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Rokudan no Shirabe ní alẹ́, nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀. Ẹ má kánjú, ẹ gbọ́ àlàfo inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú Haru no Umi, kí ẹ sì rántí pé ẹni tí ó ṣe é kò rí òkun náà, ó rántí rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Tsugaru Jongara Bushi parí rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ bí bachi ṣe ń gbá awọ, ẹ ó sì mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí.

Bí ẹ bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ẹ óò rí i pé kò sí èyí tí ẹni tí ó ṣe é gbà bí wọ́n ṣe fi lé e lọ́wọ́. Yatsuhashi sún afárá, Miyagi fi okùn kún okùn, àwọn alárìnkiri Tsugaru lù ú kí ó le. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ́kọ́ jókòó síwájú olùkọ́, kí ó fi ẹnu sọ ohun tí olùkọ́ sọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn tí mo gbọ́ lẹ́nu koto àti shamisen nìyẹn: kí a kọ́ ọ tán ná, kí a tó sún afárá. Kí a sì wo ẹ̀yìn olórin, bóyá ẹni tí ń gbẹ́ igi, tí ń fa awọ, tí ń yí okùn, ṣì wà níbẹ̀, kí a bi í bóyá ó ti rí ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.